Ìyá Tí Ọláwándé Sin Láàyè

Ní ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ Jos mọ Ọláwándé onígìtá dáadáa. Ọmọ akọ̀wé rélùwéè ni. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n jọ ń kọ orin rọ́ọ̀kì: òun, Ògúnlàdé, àti Adébánjọ onílù. Wọn kò ní ọ̀gá kankan. Fúnra wọn ni wọ́n ń ru ẹ̀rọ wọn.

Adébánjọ ṣe orin kan fún ìyá rẹ̀ tó kú ní Kuru. Orin yìí ni wọ́n gbé jáde ní àwo tuntun. Ṣùgbọ́n Ọláwándé ló kọ̀wé sí àwọn tó tẹ àwo náà, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló sì kọ pé òun ló ni orin.

Adébánjọ rí i, kò jà. Ó ń wá lu ìlù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó ń kí i. Èyí gan-an ni kò jẹ́ kí ara Ọláwándé balẹ̀.

Ó lọ sí Farin Gada, orin náà ń dún. Ó sá dé Tina Junction, ó tún bá a níbẹ̀. Àwọn oníṣòwò rò pé ìyá tirẹ̀ ló kú, wọ́n ń kí i pé "Allah ya jikanta," wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó ṣàánú ìyá náà. Ó ń dáhùn "Àmín." Ó wá ń fi bíà pa ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta wá sílé wá kí i kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Ìyá rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún wọn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, màmá náà jókòó pẹ̀sẹ̀. Ó ní, "Ọláwándé, ìgbà wo lo sin mí?"

Ìtìjú gbé e dé ilé Adébánjọ, ó dọ̀bálẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

"Haba, Wándé, dìde," ni Adébánjọ wí. "Mo ti dárí jì ẹ́ tipẹ́. Ṣùgbọ́n ìdáríjì tèmi ò lè wẹ ọkàn ẹ mọ́. Jésù ló kú fún un. Òun ni kó o bá sọ̀rọ̀."

Wọ́n kúnlẹ̀. Ọláwándé sunkún bí ọmọdé, ó fi ayé rẹ̀ fún Jésù.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ta gìtá rárá, ó sọ fún gbogbo èrò tó wá wòran ní gbọ̀ngàn pé: "Adébánjọ ló ni orin yìí. Mo jí i ni. Ìyá mi wà láàyè, òun ló jókòó síwájú yẹn." Àwọn kan hó lé e lórí. Inú màmá rẹ̀ dùn débi pé ó ń sunkún.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, kí ló ń lé ọ kiri? Ọtí kò lè pa á, ariwo kò lè bò ó. Jésù mọ̀ ọ́n, ó sì fẹ́ ọ síbẹ̀. Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yìí, kí o jẹ́wọ́ rẹ̀ fún un lónìí.