Fèrèsé Tó Ń Dá Mi Lóhùn

"Irin máa ń gbóná," ni Ìyá àgbà wí. "Alumíníọ̀mù ń kọ́? Bí atẹ́gùn bá fẹ́ pẹ́nrẹ́n, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Pákó ni kí ẹ fi ṣe férémù."

Màámi di orí mú. Ilé tuntun wa ní òrùlé, ó ní ihò fèrèsé mẹ́wàá, gbogbo ihò náà sì lanu sí títì bí ẹni tó fẹ́ gbé ọkọ̀ mì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ti fi ń jiyàn lórí ohun tí a máa fi ṣe férémù wọn. Alumíníọ̀mù wu Màámi torí pé ó ń dán. Ṣùgbọ́n ojú Ìyá àgbà kò ríran mọ́, dídán kankan kò kàn wọ́n mọ́. Etí ló kù fún wọn, etí náà sì mú débi pé bí èèrà bá wúkọ́ ní òpópónà kejì, wọ́n á kí i pé ó kú ìnira.

"Ó dáa, pákó náà ni," ni Màámi wí.

Bàbá Káfíńtà ti ra férémù tí wọ́n tú lára ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó. Igi mìíràn nínú wọn le débi pé ó lè ká eyín ayùn. Òmíràn rọ̀. Ọ̀dà funfun kan náà ló sì bo gbogbo wọn, ojú kò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Nítorí náà, Bàbá Káfíńtà ní òfin.

"Onílé ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe èmi," ni wọ́n máa ń wí. "Fi òòlù kàn án látòkè délẹ̀. Bó bá dún gan-an bí igi tó le, fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i lẹ́yìn. Bó bá dún pòó bí ohun tó ṣófo nínú, gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tí kò bá ní àmì, n kò ní fọwọ́ kàn án."

Ẹsẹ̀ Ìyá àgbà kò lè gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù, Màámi sì wà níbi iṣẹ́. Èmi ni wọ́n rán. Ariwo ni wọ́n ń pè mí, nítorí bí mo bá rẹ́rìn-ín nílé, ìyá adìẹ á yé ẹyin méjì pọ̀ láìrò tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà gbá mi létí mú kí n tó jáde. "Etí rẹ ni etí mi lónìí o. Má fi ṣeré."

Ogójì pákó ló wà nílẹ̀. Mo ti kan mẹ́rin, gbogbo wọn dún gan-an, kí ọ̀rẹ́ mi tó yọ lójú ọ̀nà.

"Ariwo! Ayàwòrán ti dé sílé ìwé! Ẹni tó bá pẹ́, ẹ̀yìn Gọgọrọ ló máa dúró sí!"

Gọgọrọ ga débi pé òjò máa ń kọ́kọ́ bà á kó tó kan àwa yòókù. Kí n dúró sẹ́yìn rẹ̀ nínú fọ́tò kíláàsì? Ká má rí i. Mo gbá ṣọ́ọ̀kì mú, mo sì fa àmì sí ẹ̀yìn mẹ́rìndínlógójì tó kù, fìà, fìà, fìà, láìkan ẹyọ kan.

"O ti ṣe tán? Kíá báyìí?" ni Bàbá Káfíńtà bi mí.

"Ọwọ́ mi ló yá, sà."

Wọ́n wo àwọn àmì náà. Wọ́n gbà mí gbọ́.

A kó wọlé. Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, ní ọ̀sán gangan tí ilé dákẹ́, mo gbé omi lọ fún Ìyá àgbà ní yàrá wọn. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé ó ti mọ́ mi lára láti máa yọ́ lọ síta kí n kan fèrèsé wọn lẹ́ẹ̀mẹta, kí n wá fi imú sọ̀rọ̀ bí iwin.

Kọ́-kọ́-kọ́.

"Ariwo, yéé kan fèrèsé mi."

"Ìyá àgbà, èmi rèé níwájú yín."

Wọ́n na ọwọ́. Wọ́n fọwọ́ kan apá mi ọ̀tún, wọ́n fọwọ́ kan tòsì. Ọwọ́ méjèèjì pé.

Kọ́-kọ́-kọ́.

Mo yọjú síta. Kò sẹ́nì kankan. Iyanrìn tí mo gbá láàárọ̀ tẹ́ lọ rẹrẹ, kò ní ipa ẹsẹ̀ kan. Irun orí mi dìde lẹ́ẹ̀kan náà bí kíláàsì tí ọ̀gá ilé ìwé wọlé bá. Mo fi ìka kan férémù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó dá mi lóhùn, wàràwàrà, bí èékánná àìmọye tó ń họ ilẹ̀kùn.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá àgbà yín ni. Bí wọ́n ṣe máa ń kan fèrèsé fún mi nìyẹn nígbà tí mo wà lọ́mọge."

Bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá àgbà ti ń di ẹrù. Wọ́n fún Màámi ní ìró wọn tó dára jù, wọ́n fún mi ní ìyarun wọn. Ní ọjọ́ kẹta, wọn kò fẹnu kan oúnjẹ mọ́. "Wọ́n ń pè mí," ni wọ́n wí. "N kò fẹ́ kí wọ́n dúró pẹ́ níta."

Màámi fà mí sí ìdáná, omi lójú wọn. "Ariwo, ṣé ìwọ lo tún ń ṣe é?"

"Mo búra, Màámi, ọwọ́ mi kọ́!"

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fọ́tò kíláàsì wà lára ògiri yàrá Ìyá àgbà, èmi rèé níwájú pátápátá, mo na àtẹ́lẹwọ́ sókè, àtẹ́lẹwọ́ náà funfun báláú fún ṣọ́ọ̀kì. Bí mo bá yí sí ìhín, ó ń wò mí. Bí mo yí sí ọ̀hún, ó ń wò mí.

Nígbà tí Ìyá àgbà sùn lọ́sàn-án, mo rìn dé ibi fèrèsé, mo sì fi ìka tẹ férémù náà. Ìka mi wọlé. Ó wọlé dé oríkèé kejì bíi pé búrẹ́dì ni mo tì í bọ̀. Ọ̀dà nìkan ló ń jẹ́ férémù! Inú ihò náà gbóná, nǹkan kan sì rọra fẹnu kan ìka mi.

Mo fà á yọ. Ikán funfun mẹ́rin rọ̀ mọ́ ọn.

Mo lè fi ọṣẹ dí ihò náà, kí n kùn ún lọ́dà, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Mo tilẹ̀ ti gbé ọṣẹ. Ìgbà náà ni mo wo ojú Ìyá àgbà, bó ṣe rù láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwo oúnjẹ wọn sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ti tutù. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ mi.

"Ìyá àgbà, ẹ jí. Kì í ṣe Bàbá àgbà. Ikán ni. Èmi ni mo fà á."

Bàbá Káfíńtà wá tú férémù náà. Ó fọ́ sí méjì lọ́wọ́ wọn bíi bisikíìtì, ikán sì dà sílẹ̀ ṣàràrà. "Bí igi bá mì, orí ni ikán máa ń fi kàn án," ni wọ́n wí. Wọ́n yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà. Àmì ṣọ́ọ̀kì mi wà níbẹ̀, kò parẹ́ rárá.

"Àmì ta nìyí?"

"Tèmi ni, sà. N kò kàn án."

Wọn kò lù mí. Ì bá sàn kí wọ́n lù mí. Ìyá àgbà kọjú sógiri. "Ariwo," ni wọ́n wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "o jẹ́ kí ọkọ mi kú fún mi lẹ́ẹ̀kejì." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Màámi gbé oúnjẹ wá.

Ní Sátidé, a gbé Ìyá àgbà jókòó sórí àga láàárín ilé, mo sì fi òòlù kan gbogbo férémù, láti yàrá dé yàrá, wọ́n ń gbọ́ ọ. Mọ́kànlá ló dún pòó. Apá mi wú bí ẹsẹ̀ erin. Pákó tuntun tí a fi dípò wọn, mo kan ọ̀kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀ kí n tó gbé ṣọ́ọ̀kì.

Ohun tí mo kọ́ kò gùn. Bí o bá fi àmì sí ohun tí o kò yẹ̀ wò, irọ́ lo pa, bí o kò tilẹ̀ la ẹnu. Ẹlòmíràn ló sì máa sùn sábẹ́ irọ́ náà.

N kì í kan fèrèsé ṣeré mọ́. Ṣùgbọ́n bí ilé bá dákẹ́ lọ́sàn-án, Ìyá àgbà máa ń na ọwọ́ sí pákó tuntun náà, wọ́n á kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á sì dẹ etí sílẹ̀, wọ́n á máa dúró.