Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Níyì Gbà Fún Benson

Àárọ̀ Sunday ni. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì kiri ní Amukoko polówó títí dé ẹnu géètì Alhaja Bàrákátù, kò sì sí ajá tó gbó o. Ló bá dúró. Ó tún polówó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ń retí. Nígbà tó yá, ó gbé búrẹ́dì ẹ̀ kalẹ̀, ó kan géètì, ó ní kì í ṣe pé òun fẹ́ yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu o, ṣùgbọ́n ajá yín dà?

Ajá wà nílé. Benson lorúkọ ẹ̀. Níyìọlá, ayálégbé tó ni ajá náà, ti bá ọ̀gá kan tó ń jẹ́ Benson ṣiṣẹ́ rí, ọ̀gá yẹn sì lé e lẹ́nu iṣẹ́ láìnídìí. Nígbà tó wá ra ajá, orúkọ ọkùnrin yẹn ló fún un. Ó ní kó lè jẹ́ pé Benson kan wà láyé yìí tí òun máa pè táá dáhùn. Ajá aláwọ̀ ilẹ̀ ni, funfun yí i lọ́rùn bíi kọ́là, ó sì máa ń tiro lẹ́sẹ̀ òsì torí ọ̀kadà tó gbá a nígbà tó kéré. Ìwà kan wà lọ́wọ́ ẹ̀: ẹnu ọ̀nà yàrá Níyì ló máa ń dùbúlẹ̀ sí, kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ wá kí Níyì lọ́jọ́ kan, ṣe ló ká ṣòkòtò sókè tó dá a kọjá. Àfi tí Níyì bá fẹnu ara ẹ̀ sọ pé, "Benson, yà." Ìgbà yẹn náà, ajá á kọ́kọ́ wo ojú ẹ̀, bíi pé ó ń bi í pé ṣé ó dá ẹ lójú, kó tó dìde.

Ibẹ̀ náà ló kú sí. Ó nà gbọọrọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú síta, ètè ẹ̀ ká sókè, eyín ẹ̀ hàn. Kò sí ọgbẹ́ lára ẹ̀, kò sí ìfófòó lẹ́nu ẹ̀, oúnjẹ àná wà nínú abọ́ tí kò fẹnu kàn án. Gbogbo irun ọrùn ẹ̀ ló ṣì dìde.

Alhaja Bàrákátù sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ìyá onílé yìí ti lé lẹ́ni àádọ́rin ọdún, àdúgbò yẹn ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ òun àti Benson ò wọ̀ rí, torí Benson ò jẹ́ kó fọkàn balẹ̀ ṣe àlùwàlá. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó lóṣòó tì í, ó wo ojú ẹ̀ pẹ́, ó wá rọra bá Níyì sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ògiri gbọ́.

"Nǹkan kan wá ẹ wá lóru àná. Ajá yìí ló pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì gbà á sára. Sin ín. Má sunkún lé e lórí. Lọ síbi iṣẹ́ ẹ lọ́la bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ajá ló kú. Ṣó o gbọ́? Ajá ni."

Níyì ní òun gbọ́, mà. Ó sin ín sẹ́yìn ilé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì omi, ó sì sunkún lé e lórí títí ojú ẹ̀ fi wú.

Sítọ́ọ̀ ńlá kan ní Warehouse Road, l'Apapa, ni Níyì ti ń ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni kó máa ka páálí tí wọ́n ń já nínú kọ̀ǹténà. Lọ́jọ́ Monday yẹn, ó ka kọ̀ǹténà kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó rí iye mẹ́rin. Ló bá gòkè lọ bá Màdáámù Phoebe tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kó lọ gba ìsinmi.

Màdáámù Phoebe kì í ṣèèyàn burúkú. Ṣùgbọ́n òkú márùn-ún péré ni ọ́fíìsì wọn mọ̀: bàbá, ìyá, ọkọ tàbí ìyàwó, ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò. Ìyá ìyàwó ẹnìkan nínú wọn kú lọ́dún tó kọjá, títí di aago méjìlá ni wọ́n fún un. Níyì wo fọ́ọ̀mù náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, kò rí ajá. Ó wá kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ olóògbé: Benson. Níbi tí wọ́n ti ní kí ni olóògbé jẹ́ sí ẹ, ó kọ ọ́ pé: Àbúrò mi. Ó sì fọwọ́ sí i.

Màdáámù Phoebe gbé ọwọ́ lé àyà. Ó bi í pé kí ló pa á. Níyì ní ẹnu ọ̀nà ni àwọn ti bá a láàárọ̀, òjijì ni. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú ìwé kejì tí ẹlòmíì nínú ẹbí gbọ́dọ̀ kọ, kó fọwọ́ sí, kí wọ́n mú un wá kí òǹtẹ̀ lè dé e. Níyì fi ìwé yẹn sábẹ́ Bíbélì nílé. Ó ní òun á wá ẹni táá báun kọ ọ́.

Ọjọ́ Tuesday, ó sùn. Ọjọ́ Wednesday, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo ilé dákẹ́, ó gbọ́ èékánná lórí sìmẹ́ǹtì. Mẹ́ta a yá, ọ̀kan a fà. Mẹ́ta a yá, ọ̀kan a fà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àmọ́ nígbà tó fi àtẹ́lẹsẹ̀ kan ibi tí Benson máa ń sùn sí, ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Thursday, ará ọ́fíìsì wá bá a kẹ́dùn. Ó yẹ kó ti rò ó pé wọ́n á wá, kò sígbà tí wọn kì í lọ bá ara wọn kẹ́dùn. Ohun tó fọkàn tán ni pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ò mọlé òun. Ṣùgbọ́n àwọn nìyẹn nínú yàrá, Màdáámù Phoebe, Obinna tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé páálí, àti àwọn méjì míì, pẹ̀lú páálí mọ́ọ̀tì kan. Màdáámù Phoebe gbàdúrà kí Olúwa tẹ́ Benson sí afẹ́fẹ́ rere. Obinna fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Níyì rọra bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀nà.

"Oga Níyì, na that your other brother," Obinna ní. "But e no dey talk o."

Ó ní ọkùnrin kan ló wá bá àwọn ní bọ́sítọ́ọ̀pù Coconut níbi tí àwọn ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn mẹkáníìkì. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀ tí kọ́là ẹ̀ funfun, ó ń tiro. Á ṣíwájú díẹ̀, á dúró, á bojú wẹ̀yìn wò bóyá wọ́n ń tẹ̀ lé e, á tún máa lọ. Bó ṣe mú wọn délé nìyẹn. Màdáámù Phoebe ní ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà báyìí, kò sì yà, òun ní láti gbé yẹ̀rì sókè kí òun tó wọlé. Ó ní ìbànújẹ́ ti mú un púpọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀.

Níyì yọjú síta. Kò sẹ́nikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, ó gbé Bíbélì, ìwé ẹbí ò sí níbẹ̀ mọ́. Ojú ibẹ̀ tutù, ó ń yọ̀ bí itọ́. Ó sọ fún ara ẹ̀ pé Màdáámù Phoebe ló mú un.

Alhaja Bàrákátù ti gbọ́ àdúrà yẹn látòkè. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ta ni wọ́n wá bá ẹ kẹ́dùn ẹ̀?"

Níyì sọ gbogbo ẹ̀ fún un.

"Kí lo kọ sínú ìwé wọn?"

"Àbúrò mi ni mo kọ, mà."

"O sì fọwọ́ sí i?"

"Mo fọwọ́ sí i, mà."

Ìyá náà wá ibi jókòó. "Tó bá jẹ́ àbúrò ẹ ló kú, a jẹ́ pé ajá ò kú nìyẹn. Tí ajá ò bá kú, ta ló wá kú dípò ẹ? Ohun tó wá lọ́jọ́ sí, ajá ló rí gbà tó fi padà. O ti wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé o ò fún un ní nǹkan kan."

Ó ní kó dìde nísinsìnyí, kó lé wọn bá, kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún wọn pé ajá ni. Níyì wo páálí mọ́ọ̀tì. Ó rántí Obinna tó ń nu ojú. Iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òun, ìyẹn dá a lójú, wọ́n á sì fi òun rẹ́rìn-ín títí dé èbúté Tin Can. Ó ní òun á lọ lọ́la, mà, láàárọ̀ kùtù.

"Ọ̀la ta?" ni Alhaja wí, ó sì gòkè lọ.

Níyì mu mọ́ọ̀tì kan.

Lọ́jọ́ Friday, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló yí padà lójú ọ̀nà. Aago mẹ́wàá ti kọjá kó tó dé ọ́fíìsì Màdáámù Phoebe. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ dárí jì mí, mà. Mi ò ní àbúrò. Ajá ni Benson. Ajá mi ló kú."

Màdáámù Phoebe wò ó títí. "Ajá ni mo gbààwẹ̀ fún lánàá?"

 Níyì retí kó pariwo. Ṣùgbọ́n ojú obìnrin náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀, ìbínú ń lọ, nǹkan míì ń rọ́pò ẹ̀. Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì ẹ̀.

"Ta wá ni ẹni tó mú ìwé ẹbí yín wá láàárọ̀ yìí?"

Ó ní ọkùnrin onítiro yẹn ni, kí wọ́n tó ṣí géètì ló ti wà níbẹ̀. Ó dúró síwájú tábìlì òun, ó la ẹnu, ó ń mí hẹ̀hẹ̀ títí òun fi lu òǹtẹ̀. Òun ò kà á. Òun kàn fẹ́ kó máa lọ ni. Ó wá wọ awò ojú ẹ̀, ó kà á, ohùn ẹ̀ sì ń rẹlẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ.

Orúkọ olóògbé: Níyìọlá. Kí ni olóògbé jẹ́ sí ẹ: Ẹ̀gbọ́n mi. Ọjọ́ tó kú: òní. Ọjọ́ mélòó lo fẹ́: Mẹ́ta, iye tó gbà fún mi.

Bí ẹni fi èékánná ha bébà ni ìkọ̀wé náà rí. Òǹtẹ̀ ò tíì gbẹ lórí ẹ̀.

"Ẹ fà á ya, mà."

Ó fà á ya sí méjì, sí mẹ́rin. Ó wá ní, "Kò tíì lọ o. Ó jọ pé ó ń dúró de ẹnìkan."

Ẹsẹ̀ ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Kò yára. Ó ń bọ̀ níkọ̀ọ̀kan, bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò dé ilé yẹn rí, àmọ́ tí wọ́n ti júwe ẹ̀ fún un dáadáa.

Níyì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ọkùnrin náà wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fara dí ẹnu ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí àtẹ̀gùn. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ilẹ̀, kọ́là funfun. Irun ọrùn ẹ̀ dìde. Ọkàn Níyì sì balẹ̀ díẹ̀, torí Benson ló wà lẹ́nu ọ̀nà, Benson kì í sì í yà fún ẹnikẹ́ni.

Ẹsẹ̀ yẹn dé òkè. Ó dúró síwájú ẹ̀.

Benson bojú wẹ̀yìn. Ó wo Níyì lójú bó ṣe máa ń wò ó látijọ́, bíi pé ó ń bi í pé ṣé ohun tó o fọwọ́ sí yẹn dá ẹ lójú. Omi wà lójú ẹ̀. Níyì la ẹnu kó sọ pé rárá, má yà, ṣùgbọ́n ohùn ò jáde.

Benson dúró dè é díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó tiro lẹ́sẹ̀ òsì, ó sì yà.