Orúkọ Tó Wà Nínú Kọ̀ǹpútà

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ọyẹ́ ń fẹ́ bọ̀ láti orí àpáta Ọ̀kà, eruku sì ti bo gbogbo páànù ilé. Tísà Ezekiel Ọláòtán ti mu ẹ̀kọ rẹ̀ tán, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí Caleb, àkọ́bí rẹ̀, rà fún un nígbà tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bó ṣe tàn án ni ọ̀rọ̀ kan yọ sí i lójú. Ọ̀rọ̀ náà ní Windows, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà, ti gbó, pé àwọn tó ṣe é kò ní tọ́jú rẹ̀ mọ́, ṣé kí tuntun wá rọ́pò rẹ̀? Tísà tẹ ibi tó túmọ̀ sí pé ó di ìgbà mìíràn. Ó ti ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ìgbà òjò. Ọ̀rọ̀ náà kì í bínú, á lọ, á sì tún padà wá bí àlejò tí kò mọ̀ pé wọn kò fẹ́ òun.

“Ẹ̀yin náà, ẹ fún un lésì,” ni Florence ìyàwó rẹ̀ wí láti ibi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. “Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ̀kan ṣáà ni.”

“Mo ti fún un. Mo ní ó di ìgbà mìíràn.”

“Ìyẹn kì í ṣe èsì, Bàbá Caleb.”

Ohun tí Tísà ń fi kọ̀ǹpútà náà ṣe kò pọ̀. Ó ń fi kọ ìpinnu ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin, ó ń fi ka ìròyìn, ó sì ń fi ka Bíbélì nítorí pé lẹ́tà rẹ̀ ṣeé mú tóbi. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú rẹ̀ tó ju gbogbo èyí lọ. Ohùn ìyá rẹ̀ ni.

Ìyá Afin ni gbogbo ilé ń pe ìyá náà, nítorí ìlú Afin ni wọ́n bí i sí, èdè ìlú rẹ̀ kì í sì í ṣe Yorùbá. Ọ̀kà, nílé bàbá rẹ̀, ni Tísà dàgbà sí. Ó ń gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ kó já gaara. Nígbà tí ìyá náà rí i pé òun kò ní pẹ́ lọ, ó pe Tísà, ó ní kó gbé fóònù rẹ̀ wá, kó gba ohùn òun sílẹ̀. Ó ní ọmọ tí Caleb bá kọ́kọ́ bí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin, orúkọ tí yóò jẹ́ nílé àwọn òun rèé. Orúkọ náà gùn bí odindi gbólóhùn, ìyá sì pè é tán, ó ki oríkì rẹ̀, ó sọ ẹni tó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ. Ó kú kí ọdún tó yípo. Tísà ti kó ohùn náà láti orí fóònù sínú kọ̀ǹpútà, fóònù sì ti já bọ́ sínú kànga láti ìgbà náà.

Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ, títí kan Florence. Ó ní a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ tó pé, ẹnu Ìyá Afin fúnra rẹ̀ ni yóò sì ti jáde lọ́jọ́ náà, níṣojú gbogbo ẹbí. Ní báyìí, oyún Precious, ìyàwó Caleb, ti wọ oṣù ìbí rẹ̀. Inú Tísà ń dùn bí ẹni tó fi ẹran pamọ́ de àjọ̀dún.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé yẹn ni Fisáyọ̀, àbígbẹ̀yìn wọn, yà wọlé láti Àkùngbá. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní yunifásítì ibẹ̀. Ó kí bàbá àti ìyá rẹ̀ tán, ojú rẹ̀ sì bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

“Dádì, ó yẹ kí ẹ ti ṣe èyí tipẹ́.”

“Kí ló dé? Ṣebí ó ń ṣiṣẹ́.”

“Ó ń ṣiṣẹ́, kò sì ní kú lónìí. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, bí àwọn olè orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá rí ihò lára ẹ̀, àwọn tó ṣe é á fi àtúnṣe ránṣẹ́, wọ́n á dí i. Ní báyìí, wọn ò dí i mọ́. Ihò tó bá ṣí, ó ṣí náà nìyẹn.”

“Tuntun yẹn ńkọ́? Ṣé kò ní ba ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́?”

“Tí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, gbogbo nǹkan yín á wà níbi tí wọ́n wà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lágbára láti gbé tuntun, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ á sọ fún wa. Bí ò bá lè gbé e, a ò ní fipá mú un. Ẹ kàn máa yọ ọ́ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ẹ ṣì lè máa fi kọ̀wé. Bó bá lè gbé e, lọ́dọ̀ àwọn tó ṣe é gan-an la ti máa gbà á, látinú kọ̀ǹpútà yìí náà. Wọn kì í gba owó ẹ̀. Bátìrì gbọ́dọ̀ kún, kí iná má lọ mú wa láàárín. Ṣùgbọ́n kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, màá da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ kọ sórí háàdì tí mo mú wá yìí. Bí nǹkan bá ṣe èyí, ẹ ṣì ní èkejì.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ nìyẹn. Tísà gbé ọwọ́ lé kọ̀ǹpútà náà.

“Ṣé ohùn Ìyá Afin náà lo máa dà kọ?”

“Gbogbo ẹ̀ ni, Dádì.”

“Orúkọ ọmọ wà níbẹ̀.”

“Mi ò ní gbọ́ ọ. Èèyàn lè da nǹkan kọ láìṣí i.”

“Ó ṣáà máa wà lọ́wọ́ rẹ. Orúkọ tí ò tíì dé etí ọmọ, kò gbọdọ̀ sùn nílé méjì. Jẹ́ kí a sọ ọmọ lórúkọ ná. Bí gbogbo wa bá ti gbọ́ ọ tán, kó o wá ṣe bó o ṣe fẹ́.”

Fisáyọ̀ wo ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ wo ẹ̀wà tó ń ṣà. Ọmọ wo ló máa bá bàbá rẹ̀ jiyàn lórí orúkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Ó gbé háàdì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì lórí tábìlì, ó ní bí wọ́n bá yí ọkàn padà, kí wọ́n pe òun.

Ká sọ òótọ́, ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ Tísà. Àwọn bàbá wa kì í pe orúkọ ọmọ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa náà kì í fi orúkọ ìdílé síbì kan ṣoṣo. Orí àgbà mélòó kan ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí, tí ọ̀kan bá kú, àwọn yòókù á rántí. Ìdajì àṣà ni Tísà mú, ó fi ìdajì tó kù sílẹ̀.

Kò pẹ́ tí Precious bímọ obìnrin ní Àkúrẹ́, Caleb sì pè pé Ọ̀kà ni wọ́n á ti sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ìwàkiwà. Tísà ti lọ gba orin ìsìn kan sílẹ̀ níbì kan tí kò mọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Láti ìgbà náà, bó bá ṣí ìwé Jòhánù, àwòrán àwọn obìnrin tí wọn kò wọṣọ tán á já wọlé. Ọ̀rọ̀ pupa kan á sì máa pariwo pé kòkòrò ti wọ kọ̀ǹpútà, kó tètè pe nọ́ńbà báyìí. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò pè é, nítorí olè ló wà nídìí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ro bí àwọn obìnrin náà yóò ṣe yọjú níwájú àlùfáà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òógùn bò ó nínú ọyẹ́.

“Ẹ pe Fisáyọ̀,” ni Florence wí.

“Bí mo bá pè é, á tún ní kí òun dà á kọ. Mo ti mú un mọ́ra títí dé ibí, mi ò ní tú u síta báyìí. Màá gbé e lọ sí Ìkàrẹ́. Ẹni tí ò gbọ́ èdè Afin ni kó tún un ṣe.”

Ìsọ̀ kékeré kan wà lẹ́bàá ọjà Ìkàrẹ́, ọmọ ìlú Ugbe kan tó ń jẹ́ Michael ló ni ín. Èèyàn kún ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Michael tan kọ̀ǹpútà, ó wò ó fìrí.

“Bàbá, kòkòrò ti jẹ ẹ́. Windows yìí náà ti gbó. Màá gbé tuntun sí i, kó tó di ìrọ̀lẹ́ á ti ṣetán. Ṣé nǹkan wà nínú ẹ̀ tí ẹ fẹ́ kí n bá yín kó pamọ́?”

Ọkàn Tísà lọ sórí orúkọ náà. “Má ṣí nǹkan kan níbẹ̀ o. Má gbọ́ nǹkan kan, má kó nǹkan kan. Windows nìkan ni kó o pààrọ̀.”

“No wahala, Bàbá.”

Ohun tó wà lọ́kàn Tísà ni pé wọ́n á yọ Windows kúrò bí wọ́n ṣe ń yọ táyà, mọ́tò á sì wà bó ṣe wà. Ohun tó yé Michael ni pé bàbá kò ní ohunkóhun tó fẹ́ mú níbẹ̀. Ó yẹ kó ṣàlàyé pé irú èyí tí òun fẹ́ ṣe, gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà ló máa bá a lọ. Kò ṣàlàyé, nítorí èèyàn ń dúró dè é. Ó yẹ kí Tísà béèrè. Kò béèrè, nítorí pé Tísà ni.

Nígbà tó padà délé, kọ̀ǹpútà ń yára bí ọmọdé tí wọ́n rán lọ ra àkàrà. Àwọn obìnrin aláìwọṣọ ti lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá inú rẹ̀, ó tún wá a, ó wá a títí ẹ̀rín fi kúrò lẹ́nu rẹ̀.

“Florence,” ló wí, “Ìyá Afin dà?”

Ó pe Michael. Michael ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n má kó nǹkan kan, Bàbá.” Ìgbà tó pe Fisáyọ̀, ẹkún ló fẹ́ gba ẹnu rẹ̀.

“Ẹ pa á, Dádì. Ẹ má tàn án mọ́ rárá. Gbogbo ohun tuntun tó bá ń wọ̀ ọ́, orí èyí tó sọnù ló ń jókòó lé.”

Ṣùgbọ́n Tísà ti ń wá a kiri láti ìrọ̀lẹ́. Fisáyọ̀ gbé kọ̀ǹpútà lọ sí Àkùngbá, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì sa gbogbo ipá wọn. Èyí tí wọ́n rí yọ kò tó nǹkan.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Àwọn ará Afin wá, Ìyá Zipporah, àbúrò olóògbé, sì wà nínú wọn. Àlùfáà gbàdúrà, ó yíjú sí Tísà. “Bàbá àgbà, a gbọ́ pé ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ yín fún ọmọ yìí.”

Tísà dìde. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi nǹkan pamọ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pè síwájú kíláàsì. Ó ní ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ náà nìkan lòún rántí, ó sì pè é. Ìyá Zipporah mi orí.

“Orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nílé wa, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Èwo nínú wọn ló ní kó jẹ́?”

Fisáyọ̀ wá tẹ ohun tí wọ́n rí yọ náà kí gbogbo wọn gbọ́ ọ. Nínú rẹ̀, àgbàlagbà kan wúkọ́. Ohùn Ìyá Afin sì jáde, ó ń fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Ezekiel, ṣé ó ti ń gbọ́ mi báyìí?” Ohùn Tísà dáhùn pé, “Ó ń gbọ́ yín, Ìyá. Ẹ máa sọ ọ́.” Ibẹ̀ ló gé sí.

Caleb kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó mójú kúrò lára rẹ̀ ni, ìyẹn sì dun Tísà ju ìjà lọ. Wọ́n sọ ọmọ ní Olúwanífẹ́mi. Orúkọ tó dára ni, gbogbo èèyàn ṣe àmín, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìyá àgbà fi sílẹ̀ fún un. Tísà kò lè gbé ojú sókè wo ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbé e sí i lẹ́sẹ̀, omijé ló ń dà lójú rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń kà á, ó ṣeé ṣe kí irú ọ̀rọ̀ yẹn ti yọjú lórí kọ̀ǹpútà ilé rẹ. Má sá fún un, má sì fi ìpayà ṣe é. Wádìí bóyá kọ̀ǹpútà rẹ lè gbé tuntun, kó o sì gbà á lọ́dọ̀ àwọn tó ni ín nìkan. Bí o bá gbé e fún alátùn-únṣe, béèrè ohun tó fẹ́ ṣe, kó o sì sọ ohun tí kò gbọdọ̀ sọnù. Kó o tó ṣe èyíkéyìí nínú wọn, ohùn òbí rẹ, àwòrán ọmọ rẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, da wọ́n kọ síbòmíràn. Háàdì Fisáyọ̀ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì nílé Tísà ní Ọ̀kà. Ohun tí wọ́n gbé e wá gbà kò sí mọ́. Ó di ìgbà mìíràn kì í ṣe èsì.