Ìdajì Kì Í Tán

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ó ń bá ara rẹ̀ jà nínú gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wa. Káfíńtà ni. Òun ni wọ́n gbéṣẹ́ ìjókòó fún: ìlà mẹ́wàá, ìjókòó méjìlá níwájú, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì fi méjì ju èyí tó wà níwájú rẹ̀ lọ. Ó ń fi ìka ka gbogbo ẹ̀, ó ń ṣì í kà.

"Ìka mélòó lẹ ní ná, ọ̀gá?" mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé tiyín pọ̀ ju tèmi lọ ni?"

Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ẹnu mi kì í gbé irú ẹ̀ mì. Mo ní kó ro ìlà àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ti ìkẹyìn: méjìlá àti ọgbọ̀n, ó di méjìlélógójì. Èkejì àti ìkẹsàn-án, méjìlélógójì náà ni. Irú ìlà méjì-méjì bẹ́ẹ̀ márùn-ún ló wà, gbogbo ìjókòó jẹ́ igba ó lé mẹ́wàá. Ó wò mí bíi pé èmi ni mo dá igi sáyé.

Láti ìgbà náà, bí mo bá ti kúrò ní kíláàsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹsẹ̀ mi ń gbé mi lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ń fi ayùn gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan.

"Olùkọ́ mi, bí mo bá gé e sí méjì, tí mo tún gé ìdajì sí méjì, ìgbà wo ni yóò tán?"

"Kì í tán. Yóò kàn máa kéré sí i ni."

Ó mú èyí tó kéré jù, ó fi sápò àyà rẹ̀.

Bàbá mi, aránṣọ tí téèpù kì í kúrò lọ́rùn wọn, kò fẹ́ ẹ. "Ẹni tíṣẹ́ ẹ̀ kì í jókòó sójú kan! Lónìí ibí, lọ́la ọ̀hún. Ta ni yóò bá ẹ gbélé?" Nígbà tí iṣẹ́ gbé e lọ sí ìlú òkèèrè, Bàbá dúpẹ́, èmi sunkún.

Ó ṣèlérí láti máa pè mí ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ti àkọ́kọ́, wákàtí kan gbáko. Ti èkejì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ti ẹ̀kẹta, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ó yá, olólùfẹ́ mi, mo ní láti lọ," ohùn ẹ̀ á sì wúwo.

Àárò rẹ̀ fẹ́ pa mí. Lọ́jọ́ kan, mo dúró níwájú pátákó, ìpè wa ni mo ń rò pọ̀. Ìdajì, ìdajì ìdajì... Bó bá ń pè mí títí mo fi kú, gbogbo ẹ̀ lápapọ̀ kò lè kọjá wákàtí méjì. Wákàtí méjì péré, fún odindi ayé mi! Mi ò kọjú sí àwọn ọmọ títí aago fi lù.

Nígbà tí ìpè kò tó ìṣẹ́jú méjì mọ́, mi ò lè pa á mọ́ra.

"Ṣó o ti rí ẹlòmíì ni?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Bàbá ẹ ló pè mí. Wọ́n ní kí n máa dín ìpè kù títí yóò fi tán, bí wọ́n ṣe ń já ọmọ lẹ́nu ọmú, kó má baà dùn ẹ́ jù. Àgbà ni wọ́n, mo gbà. Ká ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ni mò ń yọ, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ì bá tán. Ìdajì ni mò ń gé, àyànfẹ́. Ìwọ lo sọ fún mi pé kì í tán."

Àkókò pé. Ó gé ìpè náà.

Mo bá Bàbá nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sọ gbogbo ẹ̀ pẹ̀lú ẹkún.

"Ìṣirò burúkú wo nìyẹn? Ohun tó bá ń dín kù, á tán!"

Mo yọ téèpù ọrùn wọn, mo ká a sí méjì, mo fi lé wọn lọ́wọ́. "Ẹ tún un ká, Bàbá."

Wọ́n ká a, wọ́n tún ká a, títí ó fi wú ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ó ń kúrú, ṣùgbọ́n kò tán.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. "Bí ọmọ yẹn bá fẹ́, ì bá ti parọ́ fún mi," wọ́n ní. "Ó ṣe ohun tí mo ní kó ṣe, síbẹ̀ kò fi ẹ́ sílẹ̀. Ní kó wá rí mi."

Mo pè é lójú ẹsẹ̀.

"Òní kọ́ lọjọ́ Àìkú," ó ní, ẹ̀rù ń bà á. "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Bàbá ní kó o máa bọ̀."

Mo gbọ́ tó gbé ayùn sílẹ̀. A wà bẹ́ẹ̀, à ń gbọ́ èémí ara wa, kò sì sẹ́ni tó wo aago.