Wáyà Ẹ̀yìn Ilé Alágbàfọ̀

Ẹni tó bá ti lo áyọ́ọ̀nù eléèédú rí ló mọ ohun tí ojú alágbàfọ̀ ń rí. Èéfín á wọ ojú, eérú á wọ imú, bí ẹyin iná kan ṣoṣo bá sì ta jáde, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ti bàjẹ́ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí fún alágbàfọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́bàá kànga abúlé. Ẹyin iná já sórí aṣọ iṣẹ́ funfun tí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn gbé wá, ó dá ihò sí i láyà. Nọ́ọ̀sì ò tiẹ̀ bínú. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ooru ń mú, atẹ́gùn á máa gba ibẹ̀ wọlé." Àwàdà ló fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dun alágbàfọ̀ wọ eegun. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ ra áyọ́ọ̀nù oníná.

Iná kúkú wà lábúlé. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ará abúlé parapọ̀, wọ́n dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, wọ́n to páńẹ́ẹ̀lì sólà sí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n sì fa wáyà wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iná ìjọba, kì í ṣe iná oníṣòwò kankan. Tiwọn ni. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ní ìpín níbẹ̀, ìbò wọn sì ni wọ́n fi ń pinnu ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe.

Àmọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tirẹ̀, àpótí kékeré kan sì wà lára ògiri tó ń ṣọ́ ọ. Bí alágbàfọ̀ bá ti ki áyọ́ọ̀nù bọ iná báyìí, àpótí á ké pìì, iná á kú.

Kàkà kó lọ sọ fún ẹgbẹ́, ọkàn ara rẹ̀ ló sọ ọ́ fún. "Wọn ò ní gbà. Wọ́n á ní àgbà yìí ń ṣojúkòkòrò." Ló bá gun àkàbà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó so wáyà mọ́ wáyà ńlá tó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ kọjá, kí iná má bàa gba inú àpótí mọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló bá a di àkàbà mú. Inú obìnrin náà ò dùn sí i rárá.

"Bàbá wọn, ṣé ó dáa báyìí?"

"Ìwọ ṣáà di àkàbà mú."

"Mo dì í mú. Ọ̀rọ̀ yìí ni mi ò ríbi dì mú."

Láti ọjọ́ náà, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dán. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, alágbàfọ̀ ti ń lọ aṣọ. Bí oòrùn bá sì ti ń wọ̀, yóò tún gbé áyọ́ọ̀nù. Àwọn oníbàárà ń yìn ín, òun náà ń rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí iná abúlé fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Kí àwọn èèyàn tó jẹun alẹ́ tán, gílóòbù á ti di pupa rúsúrúsú. Ẹ̀rọ ìlọta á dákẹ́ pẹ̀lú àgbàdo lẹ́nu. Èyí tó burú jù ni ti fíríìjì ilé ìwòsàn, níbi tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni nọ́ọ̀sì sáré kó wọn sínú kúlà, tó gun ọ̀kadà lọ sí ìlú kejì kí wọ́n má bàa bàjẹ́.

Ta ni wọ́n dá lẹ́bi? Ìyàwó Oòrùn ni. Ọmọbìnrin tó kọ́ iṣẹ́ iná ni, òun ni ẹgbẹ́ fi ṣe olùtọ́jú ẹ̀rọ. Kò tíì lọ́kọ o, ṣùgbọ́n nítorí pé ìdí páńẹ́ẹ̀lì ló máa ń wà tàárọ̀ tọ̀sán, wọ́n ní oòrùn ló fẹ́ ẹ.

Ọmọbìnrin náà ń sọ títí, "Bátìrì ò bàjẹ́. Iná kan ń jáde tí mi ò mọ ibi tó ń lọ."

Wọn ò gbọ́. Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan dé ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọmọ yẹn ò mọṣẹ́, àbí, Bàbá?"

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ni alágbàfọ̀ wí. Kò gbójú sókè. Ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ, ó lọ ojú kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ibi tọ́rọ̀ dé nìyí tí ọkùnrin kan tó ń ra ẹ̀rọ àlòkù fi gbé lọ́rì dé. Ó ní òun á kó gbogbo páńẹ́ẹ̀lì àti bátìrì, òun á fún wọn ní jẹnẹrétọ̀ mẹ́ta dípò wọn. Ọ̀rọ̀ náà wọ ọ̀pọ̀ èèyàn létí. Ẹgbẹ́ bá fi ìpàdé sí ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, kí wọ́n dìbò.

Òjò rọ̀ mọ́júmọ́ Sátidé yẹn. Ní àárọ̀, ìyàwó alágbàfọ̀ ru agbọ̀n aṣọ jáde, ó fẹ́ sá wọn sórí okùn onírin tó wà lẹ́yìn ilé. Kò mọ̀ pé atẹ́gùn ti ń fi wáyà tí ọkọ rẹ̀ so gbo etí páànù, pé ara wáyà ti bó, ó sì ti já lu okùn náà.

"Yéè!"

Alágbàfọ̀ sáré jáde. Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ okùn, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó na ọwọ́ méjèèjì láti fà á.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Bàbá, ẹ dúró!"

Ìyàwó Oòrùn ni. Láti ìdájí ló ti ń tọ wáyà láti ilé dé ilé, tó ń wá ibi tí iná ti ń jò. Ó já wọ ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọ̀pá igi gbígbẹ kan àti pákó tí wọ́n ń lọ aṣọ lórí rẹ̀ jáde. Ó ju pákó sílẹ̀, ó dúró lé e, ó sì fi ọ̀pá ti wáyà náà kúrò lára okùn. Obìnrin náà ṣubú lulẹ̀ bí àpò.

Alágbàfọ̀ kúnlẹ̀ tì í. Ó ṣáà ń pe orúkọ tó ń pè é nígbà tí wọ́n ṣì ń fẹ́ra, orúkọ tí kò pè láti ogún ọdún.

Ìyàwó rẹ̀ mí kanlẹ̀. Ó la ojú.

"Ṣé ó dìgbà tí iná bá mú mi kẹ́ ẹ tó rántí orúkọ yẹn?" ló wí.

Alágbàfọ̀ bú sẹ́kún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bó díẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń lù bó ṣe yẹ. Wọ́n ní kó sinmi lábẹ́ ojú àwọn.

Nígbà tí alágbàfọ̀ padà délé, Ìyàwó Oòrùn ṣì dúró lẹ́yìn ilé, ó ń wo wáyà tó rọ̀ sílẹ̀ lórí páànù. Kò pariwo.

"Bàbá, ṣé ó ti pẹ́?"

"Oṣù méjì."

Ọmọbìnrin náà jókòó sórí àpáta ìfọṣọ, ó fi ọwọ́ bojú. "Oṣù méjì tí oorun ò ti kun ojú mi. Mo rò pé mi ò mọṣẹ́ mi ni."

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Mo gbọ́ tí wọ́n ń bú ọ, mo sì bá wọn sọ ọ́. Ṣé wọ́n á lé mi lẹ́gbẹ́?"

"Mi ò mọ̀, Bàbá. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí ẹ ò bá sọ ọ́ lónìí, wọ́n á ta gbogbo rẹ̀."

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kún lọ́sàn-án yẹn. Káfíńtà tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ ò tíì pe ìbò tí alágbàfọ̀ fi dìde.

"Ẹ má ta nǹkan kan," ló wí. "Èmi ni mò ń jí iná. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìyàwó mi láàárọ̀ yìí."

Ẹnìkan pariwo látẹ̀yìn pé, "Ẹ lé e!" Àwọn mìíràn ti ń dìde. Alága fi ọwọ́ gbá tábìlì.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́rọ̀ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀."

Ìyàwó Oòrùn bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin òbí mi, bátìrì wa dà bíi dúrọ́ọ̀mù omi. Oòrùn ló ń pọn omi sí i. Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá ń fa tirẹ̀, ìgbà tí oòrùn ò pọn nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí ìyókù wa ò fi rí lò. Àmọ́ láàárín aago mọ́kànlá sí aago mẹ́ta ọ̀sán, dúrọ́ọ̀mù á ti kún, oòrùn á ṣì máa pọn. Iná yẹn ò ríbi lọ, ó ń ṣòfò ni. Ohun tí Bàbá ń jí láàárọ̀, à bá kó o fún wọn tayọ̀tayọ̀ lọ́sàn-án, ká ní wọ́n béèrè ni."

Ẹ̀rín pa ẹnìkan. Ó ran ẹnìkejì. Alágbàfọ̀ fúnra rẹ̀ di orí mú. "Háà! Mo wá ń gun òrùlé torí ohun tí wọn ì bá bá mi gbé wọlé!"

Nígbà tí wọ́n dìbò, ọwọ́ mẹ́ta péré ló nà sókè pé kí wọ́n tà. Ẹnìkan nínú wọn tiẹ̀ yára gbé tirẹ̀ wálẹ̀. Lọ́rì padà lófìfo.

Wọn ò lé alágbàfọ̀. Ìyà tí wọ́n dá fún un ni pé ní gbogbo Sátidé fún ọdún kan, òun àti Ìyàwó Oòrùn ni yóò jọ máa yẹ wáyà wò láti ilé dé ilé, òun ni yóò sì máa fẹnu ara rẹ̀ ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n fa wáyà tó nípọn wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n fi àpótí tó lè gbé áyọ́ọ̀nù sí i. Oníẹ̀rọ ìlọta náà ní òun á máa lọ àgbàdo lọ́sàn-án.

Ní aago méjìlá ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, alágbàfọ̀ ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ó sì dúró, ó ń tẹ́tí. Àpótí ò ké. Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ tó wà nínú báńdéèjì fẹ́ atẹ́gùn sára, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ mí síta." Ó mí síta.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní ìgbèríko, ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Bí abúlé yín ò bá ní iná, ẹ lè parapọ̀ dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kẹ́ ẹ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tó bófin mu, kẹ́ ẹ fi ẹni tó kọ́ṣẹ́ sídìí ẹ̀rọ. Ẹ má so wáyà fúnra yín láé. Bí iná bá mú ẹnìkan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pa iná láti orísun rẹ̀. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, ẹ dúró lórí ohun gbígbẹ, kẹ́ ẹ fi igi gbígbẹ ti wáyà kúrò, kẹ́ ẹ sì gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn, kódà bó bá ń rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ tó bá ń fẹ́ iná púpọ̀, ẹ ṣe é nígbà tí oòrùn bá mú. Bí ohunkóhun ò bá sì tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ má fi í sínú, ẹ má sì yára ta ohun tẹ́ ẹ fi òógùn kó jọ. Ẹ wá sípàdé. Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ti ní ẹnu níbẹ̀. Ẹ lò ó.