Ẹni Tí A Kò Bá Pè Kì Í Jẹun

Ìjà ni wọ́n fi pàdé.

Ọjọ́ Sátidé ni. Koh Geok Lan fa àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjèèjì lọ́wọ́ wọ ilé ìkàwé Toa Payoh, ó ń wá ìwé ọmọdé tí wọ́n fi Màǹdárínì, èdè àwọn ará Ṣáínà, kọ. Nígbà tó dé ìdí pẹpẹ ìwé, ojú rẹ̀ le. Gbogbo ìwé Ṣáínà tó wà níbẹ̀ ló dorí kodò bí àdán.

"Ta ló to ìwé wọ̀nyí?"

Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú yọjú láti ẹ̀yìn pẹpẹ. "Èmi ni, màdáàmù. Ṣé kò dáa ni?"

Geok Lan wò ó láti òkè délẹ̀. Ojú Ṣáínà, irun Ṣáínà, káàdì tó fi há àyà sì pè é ní Chia Keng Hoe. "Ẹ̀yin yìí, ọmọ Ṣáínà ni yín, ẹ kò mọ orí ìwé Ṣáínà yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀?"

"N kò mọ̀ ọ́n kà." Kò tijú. "N kò gbọ́ ọ rárá. Peranakan ni wá, ìran Ṣáínà tó ti pẹ́ láàárín àwọn Málè. Málè àti Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ nílé wa láti ayé baba ńlá mi."

"Ẹ kò wá lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n?"

"Mo ń béèrè báyìí." Ó lóṣòó síwájú èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà, Xiaoting, ọmọ ọdún mẹ́rin, ó na ìwé kan sí i. "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ibo lorí rẹ̀?"

Ọmọ yìí, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ àgbà ti nà án nítorí ọ̀rọ̀ kan tó sọ lódì, kò tún fi ẹnu kan Màǹdárínì mọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ fún un ní súùtì, ilẹ̀ ni yóò máa wò. Ṣùgbọ́n ó wo ọkùnrin yìí, ó wo ìwé, ó gbà á, ó yí i padà.

"Òkè nìyí," ó wí ní Màǹdárínì, ketekete. "Ìsàlẹ̀ nìyí. Ó yá, sọ ọ́."

Keng Hoe sọ ọ́. Kò jọ òkè, kò jọ ìsàlẹ̀.

Ọmọ bú sẹ́rìn-ín. "Rárá o! Tún un sọ! Ẹnu rẹ ti dí jù!"

Ẹ ó rò pé inú Geok Lan yóò dùn. Inú bí i ni. Òun tó ti ń bẹ ọmọ yìí bí ẹni ń bẹ òrìṣà, àlejò tó to ìwé kodò ló wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan! Ó já ìwé gbà, ó fa àwọn ọmọ, ó lọ. Ní Sátidé kejì, ó padà wá. Ó ní àwọn ọmọ ló fẹ́ wá.

Àwọn ọmọ nìkan kọ́.

Bàbá Geok Lan, Koh Teck Liang, olùkọ́ Màǹdárínì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Àwọn tó kọ́ láyé àtijọ́ ṣì máa ń sá wọ kọ̀rọ̀ tí wọ́n bá rí i lọ́nà, àwọn tí orí wọn ti pá o! Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Boon Kiat, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹ̀gbọ́n Geok Lan, àti ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ọmọ sí tí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì làwọn ọmọ ń gbé bọ̀ láti ilé wọn. Bàbá àgbà sì ti búra pé kò ní kú sáàárín àwọn ọmọ-ọmọ tí kò gbọ́ ohun tí òun ń sọ.

Òfin ilé rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí oúnjẹ bá délẹ̀, ọmọdé á pe àgbà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ìbátan rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni tó dàgbà jù, á ní kó wá jẹun. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi ìjẹun, igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ, títí a ó fi pe orúkọ tirẹ̀. Orúkọ àbúrò bàbá ọ̀tọ̀, ti àbúrò ìyá ọ̀tọ̀. Ọkọ àbúrò bàbá pàápàá ní tirẹ̀, Guzhang ni wọ́n ń pè é. A kì í sì í fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ta ẹni tí kò ni ín lọ́rẹ.

"Ẹni tí a kò bá pè kì í jẹun," ni bàbá máa ń wí.

Òfin náà dáa. Pankẹ́rẹ́ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ọbẹ̀ ni kò dáa.

Sátidé ń gorí Sátidé. Ní ọjọ́ kan, lábẹ́ ilé gogoro wọn, níbi tí àwọn arúgbó ti ń ta ayò, Keng Hoe di ọwọ́ Geok Lan mú.

"Lan mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Kódà tí o bá ń bú mi."

"Ìgbà wo ni mo bú ọ?"

"Láàárọ̀ yìí. O pè mí ní ìgò òfìfo."

"O kò wá kún, àbí?" Ṣùgbọ́n kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. Ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́ lára bí òjò ṣe ń wọ aṣọ. Kí ó tó mọ̀, ó ti tutù wọnú.

Ó mú un lọ jẹun alẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Ìyá Keng Hoe kọ́ ọmọ rẹ̀ dáadáa. Nílé tiwọn náà, wọ́n ń pe àgbà kí wọ́n tó jẹun. Ọkùnrin náà dìde, ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀, ó pe bàbá wá jẹun, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ní èdè Málè.

Bàbá kò wò ó. Geok Lan ló kọjú sí. "Èdè wo lẹni yìí fi pè mí?"

"Málè ni, Bàbá. Èyí tí wọ́n ń sọ nílé wọn nìyẹn."

"Orúkọ bàbá rẹ̀, Chia. Egungun baba ńlá rẹ̀, Ṣáínà. Ó wá yá ẹnu ẹlòmíràn láti fi pè mí sí oúnjẹ nínú ilé mi?" Ó fi igi ìjẹun lélẹ̀ gbàgà. Àwọn ọmọ fò. "Ọjọ́ tó bá lè pè mí bí ọmọ ilé yìí ṣe ń pè mí, ọjọ́ náà ni n óò gba tíì ìgbéyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di ìgbà náà, kó lọ fẹ́ ìwé tó dorí kodò!"

Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí òbí kò bá gba tíì lọ́wọ́ ọkọ àtìyàwó, kò sí ìgbéyàwó, ẹ báà lọ kọ́ọ̀tù lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹja tutù, ọbẹ̀ dì. Kò sẹ́ni tó jẹun lọ́jọ́ náà.

Nídìí líìfù, Geok Lan gbaná jẹ mọ́ Keng Hoe. "Ọ̀rọ̀ méjì péré! Ọmọ ọdún mẹ́rin ń sọ ọ́! Ṣé orí rẹ dí ni? Ṣé o kò fẹ́ mi ni?"

"Mo fẹ́ ọ."

"Wá sọ ọ́ níhìn-ín. Sọ ọ́! Rárá. Tún un sọ. Rárá! Agọ̀!"

Keng Hoe bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. "Lan, pankẹ́rẹ́ ni bàbá rẹ fi kọ́ ọ. Ìwọ ń fi ẹnu nà mí. Kí ni ìyàtọ̀?"

Líìfù dé, ó wọlé, ó lọ. Ọ̀rọ̀ náà há Geok Lan lọ́fun bí eegun ẹja. Inú bí i sí Keng Hoe, inú bí i sí ara rẹ̀. Nígbà tó rò ó títí, ó rí i pé ẹnìkan wà tó yẹ kí inú ti bí òun sí láti ìgbà èwe.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní oúnjẹ ọ̀sán, Huizhen, èyí ẹ̀gbọ́n, pe bàbá àgbà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó kan Xiaoting. Xiaoting wo pankẹ́rẹ́, ó pa ẹnu mọ́.

"Pè mí," ni bàbá wí.

Ọmọ ń wo ilẹ̀.

"Mo ní kí o pè mí!" Pankẹ́rẹ́ lọ sókè.

Kò rí ibi balẹ̀. Geok Lan ti gbá a mú lókè. Ó fà á gbà, ó fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó jù ú sínú àwo ọbẹ̀.

"Ẹ nà mí títí mo fi gbọ́ Màǹdárínì! Mo gbọ́ ọ, Bàbá! Mo gbọ́ ọ dáadáa! Ṣé ẹ ti gbọ́ mi rí kí n fi kọrin? Kí n fi pa àlọ́? Kí n fi rẹ́rìn-ín? Tí mo bá la ẹnu báyìí, àtẹ́lẹwọ́ mi ló ń ta mí! Ẹ kò ní ṣe ọmọ yìí bẹ́ẹ̀!"

"Jáde nílé mi."

"Mo ti jáde!"

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé Boon Kiat. Nígbà tí Boon Kiat àti ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọn kò gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ bàbá mọ́. Geok Lan gba iṣẹ́ alẹ́ kí ó lè máa wò wọ́n ní ọ̀sán. Ó wá Keng Hoe lọ.

"Mo ṣe ọ́ bí bàbá mi ṣe ṣe mí," ó wí. "Má bínú."

"Àwọn ọ̀gá mi ńkọ́?" ni Keng Hoe wí. "Iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ mi ti wọ́ jọ."

Bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ṣí nínú ilé ìdáná Boon Kiat nìyẹn. Àwọn ọmọ ni olùkọ́, Keng Hoe ni akẹ́kọ̀ọ́. Ó jókòó lórí àpótí kékeré, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n. Wọ́n ń kọ́ ọ ní ìkòkò, wọ́n ń kọ́ ọ ní iyọ̀, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé ìrẹsì ti jóná, nítorí ó ti jóná lóòótọ́. Tó bá ṣì í, Xiaoting á fi igi ẹ̀fọ́ tútù lù ú létí, Keng Hoe á sì ké bí ẹran tí wọ́n ń pa. Màǹdárínì ń dà lẹ́nu àwọn ọmọ bí omi ẹ̀rọ. Geok Lan tó ń bó ẹ̀wà bá ara rẹ̀ tó ń fi í kọrin. Kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọdún Tuntun àwọn ará Ṣáínà kù díẹ̀. Bàbá àgbà gbé àpò ọsàn dání, ó wá síwájú ilé Boon Kiat. Ilẹ̀kùn onírin wà ní títì, èyí onígi wà ní ṣíṣí. Kí ó tó kàn án, ó gbọ́ ohùn kan nínú lọ́hùn-ún.

"Orí igi! Ṣé ẹ̀yìn ni etí rẹ wà ni? Kì í ṣe pé o kò mọ̀ ọ́n, ọ̀lẹ ló ń ṣe ọ́!"

Ohùn ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Ọ̀rọ̀ bàbá àgbà ni, láìyọ ẹyọ kan, àní títí dé ikọ́ tó máa ń wú tó bá bú èèyàn tán. Ẹ̀rín sì sọ nínú ilé.

Bàbá dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ọ̀rọ̀ sọ, ó bà á jẹ́. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe olùkọ́ kò lè mú un mọ́ra. "Gbé ohùn yẹn sókè!" ó pariwo láti ìta.

Igi ẹ̀fọ́ bọ́ lọ́wọ́ Xiaoting. Ọmọ náà sáré sẹ́yìn Keng Hoe, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

Bàbá rí i. Ó rí ẹni tí ọmọ-ọmọ òun sá fún, ó rí ẹni tó sá tọ̀ lọ. Ó fi àpò ọsàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ.

"Ọsàn rẹ̀ ò ní wọ ẹnu mi," ni Geok Lan wí.

"Má jẹ ẹ́," ni Keng Hoe wí. "Ṣùgbọ́n a ó lọ jẹun nílé bàbá lọ́la. Alẹ́ tí ọdún ń parí, a kì í fi àga sílẹ̀ lófìfo nídìí tábìlì."

Wọ́n lọ. Bàbá ti se ẹja, ó ti gé ewé àlùbọ́sà lé e. Geok Lan wo gbogbo ẹ̀gbẹ́ àwo. Kò sí pankẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó wo ojú ẹnìkejì rẹ̀. Oúnjẹ ń tutù. Bàbá kò sọ fún ọmọ kankan pé kó pe òun. Ó kàn gbé ọwọ́ lé itan, ó ń dúró, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sẹ́yìn.

Huizhen pe gbogbo ẹbí tán, kò pe Keng Hoe. Xiaoting yọ̀ kúrò lórí àga rẹ̀, ó dìde dúró.

"Bàbá àgbà, ẹ wá jẹun." Ketekete. "Dádì, ẹ wá jẹun. Mọ́mì, ẹ wá jẹun. Àǹtí, ẹ wá jẹun." Ó wá kọjú sí ọkùnrin tí kò sẹ́ni tó pè. "Guzhang, ẹ wá jẹun."

Boon Kiat fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọkọ àbúrò bàbá! Kò tíì sí tíì, kò tíì sí ìyàwó.

"Ta ló kọ́ ọ ní ìyẹn?" Ohùn bàbá le.

Geok Lan ti dìde. Bó bá fọwọ́ kan ọmọ yìí, òun yóò da tábìlì yìí dé.

Ṣùgbọ́n Xiaoting kò wo ilẹ̀. "Ẹ̀yin ni, Bàbá àgbà. Ẹ ní ẹni tí a kò bá pè kì í jẹun. Ebi sì ń pa á."

Keng Hoe dìde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Bàbá," ó wí ní Màǹdárínì, "ẹ wá jẹun."

"Ohùn rẹ wọ́."

"Ó wọ́, sà."

"Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ akàn! Ta ni olùkọ́ rẹ?"

"Àwọn ọmọ-ọmọ yín ni, sà."

Bàbá mú igi ìjẹun. Ó tú ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹja, èyí tó dùn jù, tí kò sẹ́ni tó máa ń fọwọ́ kàn àfi òun, ó sọ ọ́ sínú abọ́ Keng Hoe. "Kí ló dé tí gbogbo yín ń wò mí? Ẹ jẹun! Ẹja ti kú lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ fẹ́ kí òtútù tún un pa ni?"

"N kò tíì dárí jì yín, Bàbá," ni Geok Lan wí.

Bàbá kò gbé ojú sókè. "Mo mọ̀. Jẹun ná."

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ọkọ àtìyàwó kúnlẹ̀ síwájú bàbá, Geok Lan gbé ife tíì fún un. Ó gbà á. Ife ń kọrin lórí àwo rẹ̀.

"Pankẹ́rẹ́ yẹn," ó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé ife sẹ́nu, ó fi ọwọ́ kejì nu ojú. "Tíì yìí gbóná jù. Èéfín rẹ̀ ń ta mí lójú."

Geok Lan ló pò ó. Ó mọ̀ pé ó ti tutù.

"Ẹ mu ún tán, Bàbá," ó wí. "Orúnkún ń dùn wá."

Ó mu ún tán.