Ooru Inú Ògiri

Ọkùnrin tó wá wọn ògiri wa kò wọn ògiri. Ó na téèpù rẹ̀ láti orí ìyá mi dé àtẹ́lẹsẹ̀ wọn níbi tí wọ́n dùbúlẹ̀ sí, ó wọn èjìká wọn, ó sì ká téèpù náà padà sápò.

Màmá ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ògiri lo fẹ́ ṣe àbí pósí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ ibi tí òtútù ti ń mú wọn jù ni.

Èmi ni mo pè é. Pákó ni ilé wa, atẹ́gùn sì ń wọlé ń jáde nínú yàrá Màmá bí ẹni pé òun ló nilé. Mo ti kọ́kọ́ wá àwọn oníṣẹ́ mìíràn ládùúgbò. Ọ̀kan ní òun ń bọ̀, ó ṣì ń bọ̀ títí di òní. Òmíràn wá, ó gbá ògiri létí, ó mi orí, ó ní àfi ká wó gbogbo ilé. Èyí dé lọ́jọ́ tí mo pè é gan-an. Mo bi í pé ilé ta ló ti ṣiṣẹ́ gbẹ̀yìn, ó ní ilé pupa tó wà ní ìkángun òpópónà wa, pé bàbá àgbà tó ń gbé ibẹ̀ kò tíì ráhùn láti ìgbà náà. Ta ni kò ní fẹ́ irú oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó tú pákó àtijọ́ kúrò, ó ti òwú sáàárín àwọn igi ògiri kí òtútù má bàa ráyè wọlé, ó kan pátákó funfun bò ó, ó wá fi bébà oníyanrìn ha ojú rẹ̀ títí ó fi dán. Ẹfun bo gbogbo ilé. Àbúrò mi ọkùnrin tó kàn gbé omi kọjá funfun bí ẹni tó ṣubú sínú àpò ìyẹ̀fun. Ara oníṣẹ́ nìkan ni eruku kò bà lé. Màmá bá sọ ọ́ ní Aláìléruku. Mo fọwọ́ kan àpò òwú rẹ̀ nígbà kan, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ibùsùn tí ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

Nígbà tó fẹ́ lọ, ó gbé àpò òfìfo wọ yàrá Màmá, ó ní òun fẹ́ kó ìdọ̀tí. Àpò náà kún nígbà tó jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mo ti gbá yàrá yẹn tán.

Yàrá náà gbóná lóòótọ́. Àbúrò mi bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Màmá bá ń mí, èémí wọn ń jáde ní funfun, bí ẹni tó dúró síta lówùúrọ̀ ọjọ́ òtútù. Ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í rùn tábà, kò sì sẹ́ni tó ń mu tábà nílé wa. Nígbà míì, a ó gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn pátákó, ikọ́ àgbà ọkùnrin, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ yọni lẹ́nu.

Màmá kò sì ráhùn mọ́. Ẹni tó bá mọ ìyá mi á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ yìí. Wọ́n máa ń ráhùn pé tíì gbóná jù, pé ó tutù jù, pé mò ń ti ilẹ̀kùn bí ọlọ́pàá. Ní báyìí wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn. Mo di ọwọ́ náà mú, ó tutù bí irin.

Àbúrò mi ní, "Sísì, ara àgbà ni."

Mo ní, "Àgbà wo ló ń gbàgbé bí wọ́n ṣe ń bú mi?"

Mo pe Aláìléruku lórí fóònù. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. "Ṣé yàrá gbóná?" Mo ní ó gbóná. "Kí wá lẹ̀ ń fẹ́?" Ó sì pa fóònù.

Ojú ẹsẹ̀ ni mo gba ilé pupa lọ. Bàbá kan jókòó lẹ́bàá fèrèsé, ìkòkò tábà wà lórí itan wọn, wọn kò tan án. Èémí wọn ń jáde ní funfun.

Ọmọ wọn obìnrin ní, "Ikọ́ wọn kì í jẹ́ ká sùn tẹ́lẹ̀. Látìgbà tí a ti ṣe ògiri, wọn ò fọhùn." Ó wá sún mọ́ etí mi. "Ẹ má rò pé orí mi yí o. Ògiri wa ń kọrin."

Mo gbé etí lé e. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ń kọ orin fún ara rẹ̀ nínú ibẹ̀.

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ohun tí Aláìléruku bá kó nílé kan ló fi ń dí ògiri ilé tó kàn. Bàbá yìí ló ń wúkọ́ nínú ògiri wa, ìyá mi sì ti wà nílé ẹlòmíì. Ẹ̀rù bà mí. Lẹ́yìn náà inú bí mi, ìbínú náà sì wúlò fún mi ju ẹ̀rù lọ.

Mo fún ọmọ bàbá náà ní nọ́ńbà mi, mo délé, mo mú òòlù.

Àbúrò mi ní, "Sísì, ẹ jọ̀ọ́, yàrá á tutù."

"Kó tutù! Ìyá wa ni mo fẹ́, n ò wá yàrá."

Pátákó fọ́. Ooru kan lù mí lójú pẹ̀lú òórùn tábà, ó wúkọ́ lẹ́bàá etí mi, ó sì gba ojú fèrèsé lọ. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. Ọmọ bàbá ilé pupa ni, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní Bàbá ń béèrè ìṣáná.

Nígbà tí mo yíjú, Aláìléruku wà lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹfun ń fò káàkiri yàrá, kò bà lé e.

Ó ní, "Ẹ̀ ń ba iṣẹ́ tó dáa jẹ́."

"Èwo ni iṣẹ́ tó dáa níbẹ̀?"

"Ẹ ní kí yàrá gbóná. Ara ènìyàn ni ooru ti ń wá. Ògiri ìyá tèmi ni mo kọ́kọ́ dí. Ooru ara mi ni mo fi dí i, kò sì ṣẹ́ kù." Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi. Omi ń sun lára ọwọ́ náà bí ara ìgò tó ti inú fíríìjì jáde.

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni. "Níbo ni ti ìyá mi wà?"

Ó rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ilé aláwọ̀ ewé tó wà lẹ́yìn ilé ìwé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ooru ìyá yín ni ọmọ náà fi ń sùn. Ṣé ẹ máa lọ fi òòlù jí ọmọ tuntun?"

"Màá jí i. Kúrò lọ́nà."

Kò kúrò. Mo fi èjìká gbá a kọjá, ó sì dà bí ẹni pé mo gba inú omi dídì kọjá. Òtútù yẹn kò tíì fi èjìká mi sílẹ̀.

Ìyá ọmọ ló ṣílẹ̀kùn ilé aláwọ̀ ewé fún mi. Ó wo òòlù, ó wo ojú mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, n kò bo ọ̀kan. Mo rò pé á ké pe ọlọ́pàá.

Ó ní, "Ọmọ mi ń sùn. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kò sunkún látìgbà tí ọkùnrin yẹn ti parí iṣẹ́."

"Ọmọ tuntun tí kì í sunkún kẹ̀?"

Ó mú mi wọ yàrá ọmọ. Ibẹ̀ móoru dáadáa, ògiri sì ń sọ̀rọ̀, ohùn kékeré tí kò sinmi: "Irú aṣọ wo nìyẹn? Òtútù ń mú ọmọ yìí. Mo ní òtútù ń mú un! Ṣé adití ni gbogbo yín ni?"

Ìyá mi ni. Wọ́n ti ń pariwo láti ọjọ́ yìí.

Obìnrin náà ní, "Mo rò pé àárẹ̀ ìbímọ ló ń ṣe mí tí mo fi ń gbọ́ ọ." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì yára fà á sẹ́yìn. Èémí funfun tín-ín-rín ń jáde nímú ọmọ náà.

Ó gba òòlù lọ́wọ́ mi. Òun ló fọ́ ògiri náà, n kò gbá a rárá. Nígbà tí ihò lu, ohùn Màmá kọjá lórí wa, wọ́n ṣì ń bínú, wọ́n ń sọ pé a pẹ́ jù, pé ká gbé ọmọ sáyà. Kò pẹ́ tí àbúrò mi fi pè: Màmá ti dìde, wọ́n ń bi í léèrè ẹni tó ba ògiri wọn jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Ọmọ náà kò sunkún ní tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbé e sáyà, ó ń pè é, ọmọ ń wò ó láìfọhùn. Ibẹ̀ la wà tí a fi gbọ́ igbe. Ní òdìkejì títì, nínú ilé kan tí pákó àtijọ́ ṣì wà ní kíkó jọ síwájú rẹ̀, ọmọ tuntun ń ké.

Mo ní, "Ta ló bímọ níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ níbẹ̀," ni obìnrin náà wí. "Àgbàlagbà kan ló ń dá gbé ibẹ̀."

Ó ti sọdá títì kí n tó dìde, ọmọ láyà, òòlù lọ́wọ́.